Igi Ẹsẹ̀ Ọmọ Aránbàtà

Ṣọ́ọ̀bù bàtà,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta.

Ọmọ mi, Ẹlẹ́sẹ̀-òsì,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyá rẹ ńkọ́? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ràn díẹ̀? Bí o bá béèrè tèmi, mo wà láàyè, mo ń jẹun, mo sì ń kan ìṣó. Etí nìkan ni kò sí nílé mọ́. Ogójì ọdún tí mo fi ń lu òòlù ti gba ìyókù rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí o pè sórí fóònù onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lóṣù tó kọjá, òun ló ń gbọ́ ọ, tó wá ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún mi. Ohun tí mo rí ni pé o ti ga sí i, tàbí pé o ti gun àkàbà, mi ò mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì. Nítorí náà, lẹ́tà ni kí á máa kọ. Lẹ́tà kì í pariwo, mo sì lè kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Àmọ́ o kì í kọ ọ́. Èyí tó o kọ kẹ́yìn, ìlà mẹ́rin péré ni. Mo ka ìkíni tán, mo ṣí ẹ̀yìn ìwé, òfìfo ni. Ọdún kọkànlá rèé tí ìyá rẹ mú ọ lọ sí ìlú tirẹ̀ láti lọ tọ́jú bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ó ní ọdún kan péré ni. Bàbá náà kú, iléèwé gbà ọ́, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù gbà ọ́, èmi sì kù síbí pẹ̀lú igi ẹsẹ̀ rẹ. Igi méjì tí mo gbẹ́ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ lọ́sẹ̀ tí ẹ ń lọ, kí n lè máa fa awọ bò wọ́n ran bàtà rẹ, ṣì wà lókè ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ìgbà tí o bá rán ìwọ̀n tuntun ni mo ń lẹ awọ mọ́ wọn, kí wọ́n lè máa dàgbà bí ẹsẹ̀ rẹ ṣe ń dàgbà. Mi ò fi ṣe ẹ̀sùn. Mo kàn ń rán ọ létí pé ẹnì kan wà tó ń retí ju ìlà mẹ́rin lọ.

Gbọ́ ìròyìn. Akọ̀wé àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi forí gbá igi ẹsẹ̀ rẹ. Ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí ìwé fún mi, ọmọlúwàbí ni. Ó ní àwọn fẹ́ pè ọ́ sínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọmọ ọ̀hún ni ìyá rẹ, tí o sì ti pẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ìwé kan ń bọ̀ tí èmi máa fọwọ́ sí láti jẹ́rìí pé èmi ni mo bí ọ. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó wo imú mi. Onígbàjámọ̀, ẹni tó mọ gbogbo òfin bọ́ọ̀lù tí kò sì gbá a rí, wá ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn tó lọ pé ilẹ̀ tí o bá kọ́kọ́ wọ aṣọ rẹ̀ ló ni ọ́ títí ayé. Nítorí náà, tètè fún mi lésì.

Kó bàtà bọ́ọ̀lù rẹ tó ti gbó ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ wo ìdí wọn. Ẹnu lè parọ́, ìdí bàtà kì í parọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òòlù, ẹ sì kú ìfaradà etí. Mi ò gun àkàbà kankan. Ohun tí mo sọ fún onígbàjámọ̀ ni pé wọ́n ti gbé mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá wá sí àárín, ipò tó ga ju ti àtijọ́ lọ. Kò jọ pé a lè fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ìyẹn.

Ìdí tí mo fi ń kọ ìlà mẹ́rin péré ni pé mi ò fẹ́ kọ èyí tí mo ń kọ yìí. Ara Màmá ò yá. Wọ́n rí kókó kan nínú orí rẹ̀, wọ́n ní àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un lóṣù kẹfà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó ń fi òsì mu tíì, ó sì ń fi ṣàwàdà pé òsì ọmọ òun ni òun jogún. Ó ní kí n má sọ fún yín. Ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé mo sọ.

Bọ́ọ̀lù ń lọ. Láàárọ̀, a máa ń jókòó nínú ọpọ́n omi yìnyín bí aṣọ tí wọ́n rẹ, akọ́nimọ̀ọ́gbá á máa ka orúkọ wa. Ní pápá, bí mo bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ọmọ ìyá mi ni mí. Bí mo bá gbá a sókè, àwọn òǹwòran á rántí bàbá mi, wọ́n á ní kí n máa lọ sílé. Ó ti mọ́ mi lára. Kò mọ́ Màmá lára.

Ọ̀rọ̀ ti àjọ bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kí n rò ó díẹ̀. Màá kọ̀wé. Bàtà tí ẹ ní kí n kó ránṣẹ́ wà nínú àpò yìí. Ara mi le.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin.

Ẹlẹ́sẹ̀-òsì ọmọ mi,

Ó dùn mí pé ìyá rẹ ń ṣàìsàn. Mi ò ní sọ pé o sọ fún mi, àmọ́ kí i fún mi bíi pé ara rẹ̀ le.

Ìwọ sì parọ́. "Ara mi le." Mo gbé bàtà rẹ sórí itan, mo yí i po. Ẹsẹ̀ òsì tí o fi ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sí ohun tó ṣe é. Ọ̀tún tí o fi ń dúró ló ti jẹ tán lápá ìta láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka kékeré, apá inú sì wà bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. O ò gbé ara lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí o ti ń dá a sí, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ lè má mọ̀, dókítà wọn lè má mọ̀. Èmi aránbàtà mọ̀. Kí ló ṣe ìka náà? Má fi ìlà mẹ́rin dá mi lóhùn.

Akọ̀wé tún wá. Ìwé ìjẹ́rìí yẹn máa dé lóṣù kẹfà, ó sì gbọ́dọ̀ padà sí ọ́fíìsì wọn kí oṣù keje tó parí. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́, torí onígbàjámọ̀ kì í gé irun láìgé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn. Àwọn tó ń gbé bàtà wá tún ṣe ń bi mí pé, "Bàbá, ṣé ilé ló máa gbá fún?" Mo ń dáhùn pé ibo ni ẹ tún rò. Má jẹ́ kí n di òpùrọ́ lójú wọn. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, ilé náà ló sì yẹ kí ọmọ wò kó tó wọ aṣọ.

Mò ń retí rẹ.
Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ìwọ ọmọ yìí,

Mo kí ọ.

Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi retí lẹ́tà. Kò dé. Lọ́jọ́ Sátidé, onígbàjámọ̀ wá fà mí lọ́wọ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí n wá wo tẹlifíṣọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù òun. Èèyàn kún ibẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún mi níwájú. Mo jókòó, mo wò ọ́ nínú aṣọ wọn. Mo rí ọ tí o gbé ọwọ́ lé àyà, tí ẹnu rẹ ń lọ sókè sódò pẹ̀lú orin wọn. Mi ò gbọ́ orin náà, ó ṣe mí láǹfààní. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ẹnì kan tó ń sọ nǹkan, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi nìkan ni mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi mí rín.

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. O lè má dá mi lóhùn mọ́. Àwọn àjọ bọ́ọ̀lù wá lọ́jọ́ kejì, mo sì ti fún wọn lésì.

Bàbá.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà.

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Ẹ̀bi mi ni pé mi ò kọ̀wé. Mo kọ mẹ́ta, mo ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n aṣọ tí ẹ rí lọ́rùn mi, kò so mí mọ́ wọn. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ ni, eré ìdánrawò lásán. Ìdíje gidi ló ń so èèyàn mọ́ ilẹ̀ kan. Ẹ bi akọ̀wé léèrè, ẹ má bi onígbàjámọ̀.

Ìdí tí mo fi wọ̀ ọ́ rèé. Màmá ní kí wọ́n tó ṣí orí òun, òun fẹ́ rí mi nínú aṣọ bàbá òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá rẹ̀ yẹn, ẹ rántí, òun ló ń tún koríko pápá ṣe fún wọn títí tó fi kú. Mi ò lè sọ pé rárá fún ẹni tí wọ́n ti ń fá irun rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé tẹlifíṣọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Oògùn sì gbé e sùn kí wọ́n tó fọn fèrè. Kò rí ìṣẹ́jú kan níbẹ̀, Bàbá. Ẹ̀yin tí mi ò fẹ́ kí ẹ rí i lẹ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń jẹun, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Ìka ẹsẹ̀ mi, egungun rẹ̀ sán lóṣù kọkànlá. Mo fi í pamọ́ torí bí mo bá sọ ọ́, ẹlòmíràn á gba àyè mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀.

Nísinsìnyí màá sọ èyí tó yẹ kí n ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé ni mo fẹ́ gbá fún. Mo ti kọ̀wé sí àjọ bọ́ọ̀lù wa fúnra mi lóṣù karùn-ún, wọ́n ní ìwé tiyín nìkan ló kù. Ẹ ní odò tó bá gbàgbé orísun á gbẹ. Orísun méjì ni odò tiyín ní, Bàbá, kò sì gbàgbé ìkankan. Mi ò mọ irú èsì tí ẹ fún wọn. Bó bá jẹ́ pé inú ló bí yín tí ẹ kò fọwọ́ sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù keje ni ilẹ̀kùn máa tì. Àwọn ìlú Màmá ti pè mí sí ìdíje gidi tó ń bọ̀ lóṣù kẹwàá, mi ò sì lè máa sá fún wọn títí láìwọ aṣọ ẹnikẹ́ni. Mo ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún, ẹsẹ̀ mi ò sì le tó bó ṣe yẹ.

Ọmọ yín ni mí.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù keje.

Bàbá,

Lẹ́tà kan dé láti ọ́fíìsì àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa. Wọ́n ní àwọn kò lè tẹ̀ síwájú lórí ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n ní ìwé tí wọ́n gbé fún yín láti fi jẹ́rìí, ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé, "N kò ní ọmọ kankan tó ń gbá bọ́ọ̀lù. N kò mọ ẹni tí ẹ ń wí." Wọ́n ní ẹ fọwọ́ sí i, ẹlẹ́rìí sì fọwọ́ sí i.

Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?

Màmá rí ojú mi, ó ní kí n ka ohun tó wà níbẹ̀. Mo kà á kí n tó ronú. Ó yí ojú sí ògiri. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé bàbá rẹ mọ ohun tó pè mí?" Mo ní inú ló bí yín. Ó ní ọdún mẹ́rìnlá lẹ jọ gbé, kò sì sí ọjọ́ kan tí ojú òun ya sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ìwé wá wà nínú ọ́fíìsì báyìí tó ń béèrè ẹni tó fún òun lóyún. Kò sunkún. Ì bá sàn bó bá sunkún.

Àwọn òǹwòran níbí ni wọ́n máa ń sọ pé mi ò ní ilé. Mi ò mọ̀ pé ilé náà máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn.


Ọjọ́ keje, oṣù kẹjọ.

Ọmọ mi,

Èmi ni mo kọ ọ́.

Lẹ́tà rẹ ti oṣù kẹfà dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ kọkànlélógún oṣù keje. Èyí tí o kọ tẹ̀ lé e dé lánàá. Mi ò kọ̀wé láàárín wọn torí mo rò pé màá tún un ṣe, màá wá fi ìròyìn ayọ̀ kọ̀wé. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ, mi ò ní gbè sẹ́yìn ara mi.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé Sátidé yẹn, akọ̀wé gbé ìwé wá. Oníbàtà mẹ́fà tó gbé bàtà wá tún ṣe ló ń dúró. Mo rò pé ó ti tán, pé àwọn ọ̀hún ti ni ọ́, pé ńṣe ni ọkùnrin yìí wá fi mí ṣẹ̀sín. Ara mi gbóná. Mo yí ìwé náà sẹ́yìn, mo kọ ohun tí mo kọ. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ rò ó dáadáa?" Mo rí ẹnu rẹ̀, ó yé mi ketekete. Mo ní kó wá ẹlẹ́rìí. Mo ké sí onígbàjámọ̀, ó gbé abẹ fẹ́lẹ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìfófòó ọṣẹ lọ́wọ́. Òun náà kò kà á. Ó rò pé ìjẹ́rìí ni.

Kò tán síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo já igi ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì lókè ẹnu ọ̀nà, mo tì wọ́n sínú iná lábẹ́ ìkòkò tí mo fi ń yọ́ gọ́ọ̀mù. Awọ ọdún mọ́kànlá tí mo lẹ̀ mọ́ wọn rùn dé òpópónà. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Nígbà tí mo ka àlàyé rẹ, mi ò jókòó bí o ṣe ní kí n jókòó. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ṣí fáìlì, wọ́n fi ọwọ́ ara mi hàn mí. Mo ní irọ́ ni mo kọ. Ọmọbìnrin tó jókòó ṣàánú mi, ó kọ ọ́ sórí ìwé pé, "Bàbá, èwo ni kí á gbà, ti ìgbà yẹn tàbí ti òní?" Ó ní kí ẹlẹ́rìí tó fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́ wá sẹ́ ẹ. Onígbàjámọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, a jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì wọn. Ó sẹ́ ẹ. Ẹni tó kù tó máa lu òǹtẹ̀, ọ̀gá wọn pátápátá, ti rìnrìn àjò. Mo lọ lójoojúmọ́. Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ló dé. Ó ka gbogbo rẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó mirí. Ilẹ̀kùn ti tì.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ti ń fi òwe yẹn bá ọmọ ọlọ́mọ wí láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ọmọ mi, mo jẹ̀bi. Mi ò sọ ọ́ rí fún ẹnikẹ́ni tí mo bí tàbí tí mo dàgbà jù, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ dáadáa. Ojú rẹ ló ń tì mí báyìí, kì í ṣe tàwọn oníbàtà. Bá mi sọ fún ìyá rẹ pé mi ò ronú kàn án nígbà tí mo ń kọ ọ́, ìyẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ ẹ́. Kò sí ọjọ́ kan tí mo fi ìfura wò ó, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ ran bàtà kan fún ọ, bí o bá ṣì lè gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Igi kò sí mọ́. Gbé ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì sórí ìwé, kí ẹnì kan ya etí wọn yí ká, kó o fi ránṣẹ́. Bí o kò bá fẹ́, mi ò ní bi ọ́ léèrè.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ.

Bàbá,

Mo gba lẹ́tà yín. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo ti dá ìlú Màmá lóhùn. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá la máa gbá ìdíje gidi àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ilé ti parí nìyẹn. Mi ò lè sọ fún yín pé kò ṣe nǹkan. Ó ṣe nǹkan. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń rí ara mi nínú aṣọ yẹn, tí ẹ̀yin sì wà níwájú lórí ìjókòó, tí onígbàjámọ̀ ń fi ọwọ́ sọ fún yín ohun tí àwọn èèyàn ń kígbe.

Mo ka lẹ́tà náà fún Màmá. Mo rò pé kò ní sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì ló ní kí n gbé ìwé ńlá wá, kí n bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Òun ló ya ẹsẹ̀ tí ẹ rí yìí. Ó kọ̀ kí ẹlòmíràn yà á. Ọwọ́ ọ̀tún tó ń gbọ̀n ló fi yà á, ó fi òsì di ọrùn ọwọ́ náà mú, ó pẹ́ kó tó parí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ibi tí ìlà yọ síta tàbí tó wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀yin ni kí ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ó ní kí n kọ èyí fún yín bó ṣe sọ ọ́: "Sọ fún un kó wò ó dáadáa, kó wá kọ̀wé ẹni tó ni ẹsẹ̀ náà."

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹsàn-án.

Ọmọ mi àti ìyá rẹ,

Mo kí ẹ̀yin méjèèjì, ẹ̀yin tí mo ṣẹ̀.

Mo tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì iṣẹ́. Ìlà náà ń mì bí ojú omi, àmọ́ ẹni tó ti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ogójì ọdún mọ ibi tí egungun máa ń gbà. Mo fi pẹ́ńsù mìíràn tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, mo yọ ọwọ́ kúrò lára ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo rí àtàǹpàkò ọ̀tún, ó ti wú ní oríkèé. Mo rí ọmọ ìka kejì tó gùn ju àtàǹpàkò lọ. Mo rí ibi tí àárín àtẹ́lẹsẹ̀ ti fẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ èèyàn lọ.

Ni mo bá bọ́ bàtà mi. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo tẹ ẹsẹ̀ mi lé e. Kò yọ, kò kù. Ìka kejì bá ìka kejì, gìgísẹ̀ bá gìgísẹ̀. Mo dúró bẹ́ẹ̀ lórí yín títí oníbàtà kan fi wọlé tó bi mí pé ṣé kò sí. Mo bú sẹ́kún níwájú rẹ̀. Ìyá ọmọ mi, èmi ni mo ni ẹsẹ̀ náà. O mọ̀ kó tó dọwọ́ mi, kò sì yẹ kó jẹ́ ìwọ lo máa fi ọwọ́ tí ara rẹ̀ ò yá fi í hàn mí.

Mi ò gbẹ́ igi mìíràn. Mo gé awọ náà, mo rẹ ẹ́ sómi, mo fà á wọ ẹsẹ̀ ara mi, mo sì jókòó láti àárọ̀ di ọ̀sán títí ó fi gbẹ. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta. Mo fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níbi àtàǹpàkò ọ̀tún, kí oríkèé náà lè mí. Nígbà tí mo ran án tán, mo wọ̀ ọ́ lọ sí pápá iléèwé tí o ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù, mo rìn yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọmọ iléèwé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, bàbá arúgbó nínú bàtà bọ́ọ̀lù. Iyẹ̀pẹ̀ pápá náà ṣì wà nídìí bàtà. Má nù ún. O ò ní lè wọ aṣọ ilé mọ́, èmi ni mo fa ìyẹn. Ṣùgbọ́n bàtà yìí ti rìn nílé.

Lọ́jọ́ kejìlá, màá jókòó níwájú ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Bí wọ́n bá bi mí léèrè ẹni tí ẹni yẹn jẹ́ nínú aṣọ ọ̀hún, màá dìde kí n tó dáhùn. Onígbàjámọ̀ ní kí n kí ọ. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó fọwọ́ sí i, ó sá wọlé.

Bàbá rẹ, ẹni tó bí ọ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹwàá.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìjókòó. Mo mọ̀ pé ẹ rí i. Wọ́n fi góòlù kan nà wá, ẹ má jẹ́ kí onígbàjámọ̀ sọ fún yín pé èmi ni mo fà á.

Nígbà tí orin wọn bẹ̀rẹ̀, mo kọ ọ́ dé àárín, mo sì dá a dúró. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo mọ̀. Mo ń ronú pé tí fèrè bá ti dún báyìí, ó ti parí. Ó dún, ó sì parí. Inú ṣì ń bí mi sí yín, Bàbá, mi ò ní purọ́. Bàtà kò tíì pa á rẹ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí màá jí, ó máa dà bíi pé mò ń ṣọ̀fọ̀.

Bàtà náà dé lọ́jọ́ kẹwàá. Ẹni tó ń ṣètò ẹrù wa ní èmi kò lè wọ̀ ọ́ wọ pápá, torí kò ní àmì ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn ṣe bàtà. Mo wọ̀ ọ́ láti yàrá hòtẹ́ẹ̀lì dé inú bọ́ọ̀sì, láti inú bọ́ọ̀sì dé yàrá ìmúra, mo bọ́ ọ síbẹ̀. Kò fún mi níbì kankan. Ọjọ́ àkọ́kọ́ láti oṣù kọkànlá nìyẹn tí mo gbé ara lé àtàǹpàkò mi.

Ó wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá báyìí. Nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú rẹ̀ nílé fẹ́ nu iyẹ̀pẹ̀ ìdí bàtà náà, Màmá gbá a lọ́wọ́. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ti rí lẹ́tà tí ẹ kọ sí òun, òun máa fèsì nígbà tí ọwọ́ òun bá gbà á. Ẹ má retí rẹ̀ láìpẹ́.

Bàtà ìdánrawò tí mo ń wọ̀ nísinsìnyí á ti gbó kí ọdún yìí tó yí, ẹ̀yin ni màá sì tún kọ̀wé sí fún òmíràn. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú ṣọ́ọ̀bù níbi tí ìṣó wà. Ẹ tọ́jú ẹsẹ̀ yín fún mi. Igi ẹsẹ̀ tó kù fún mi nìyẹn.

Ọmọ yín,
Ẹlẹ́sẹ̀-òsì.